Ojú ń bá etí gbọ́: ìdí tí wọ́n fi ń bo ẹ̀rọ ohùn lójú wa kí a tó dá a lẹ́jọ́

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó nídìí míksà, mò ń tún ohùn akọrin kan ṣe. Ohùn náà ṣú létí mi, bí ìgbà tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora. Mo na ọwọ́ sí nọ́ọ̀bù tírẹ́bù, èyí tó ń fi kún ìró tó tínrín, mo yí i díẹ̀, ohùn là. Mo tún fi kún un, ó wá pọ̀ jù, ó ń ha etí, mo bá dá a padà díẹ̀. Bí mo ṣe ń yí i lọ yí i bọ̀ nìyẹn, ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, títí ó fi bọ́ síbi tó wù mí gẹ́lẹ́. Ìgbà tí mo ń múra àtidìde ni mo rí i pé bọ́tìnì tó ń jẹ́ kí nọ́ọ̀bù yẹn ṣiṣẹ́, n kò tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfìfo ni mo ti ń yí. Ohùn akọrin náà kò kúrò lójú kan.

Mo sì gbọ́ ọ o. Kì í ṣe pé mo rò pé mo gbọ́ ọ, mo gbọ́ ọ: ó là, ó pọ̀ jù, ó padà sí bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá ní kí n búra nígbà náà, ǹ bá búra. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti pẹ́ nídìí irú iṣẹ́ yìí. Bó bá jẹ́ olóòótọ́, yóò sọ tirẹ̀ fún yín.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ ohùn kì í sábà ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹnìkan á ní òun pààrọ̀ wáyà sípíkà òun, béèsì, ìró tó wúwo nísàlẹ̀, wá ki sí i, akọrin wá dà bí ẹni pé ó dúró sínú yàrá. Ẹlòmíràn á ní irọ́ ni, wáyà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Létí ẹni àkọ́kọ́, òpùrọ́ ni wọ́n pe òun, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Inú á bí i: "Ṣé ohun tí mo fi etí ara mi gbọ́ lẹ fẹ́ bá mi jiyàn lé lórí?" Ó sì jàre dé ìwọ̀n kan, torí ó gbọ́ ọ lóòótọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí ohun tó gbọ́ ti wá, bóyá láti inú wáyà ni, àbí láti inú orí òun fúnra rẹ̀. Etí nìkan kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn fún un, bó ti wù kó gbọ́ràn tó.

Etí kì í dá gbọ́

Ọ̀pọ̀ wa rò pé etí dà bí ilẹ̀kùn: ohun tó bá gbà á wọlé náà là ń gbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n ni gbogbo ohun tó ń wọ etí. Ọpọlọ ló ń gba gbígbọ̀n yẹn, tó ń lò ó pọ̀ mọ́ ohun tí ojú rí, ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ àti ohun tó ń retí, kó tó gbé ohùn kan ṣoṣo kalẹ̀ fún wa. Nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ wa, kò sí bí a ṣe lè ya èyí tó tinú afẹ́fẹ́ wá sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ọpọlọ bù mọ́ ọn.

Ní ọdún 1976, àwọn onímọ̀ méjì kan, Harry McGurk àti John MacDonald, gbé ohun kan jáde tí ẹnikẹ́ni lè fi ara rẹ̀ dán wò. Wọ́n ya fídíò ẹnu ẹni tó ń sọ "ga", wọ́n wá fi ohùn "ba" sí i. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó wò ó kò gbọ́ "ga", wọn kò sì gbọ́ "ba". "Da" ni wọ́n gbọ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Bí wọ́n bá dijú, "ba" á padà wá. Bí wọ́n bá lajú, "da" tún dé. Èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé mímọ̀ téèyàn mọ̀ pé ẹ̀tàn ni kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti wò ó láìmọye ìgbà, mo mọ ohun tí wọ́n ṣe, etí mi ṣì ń gbọ́ "da". Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní òun ti mọ̀ pé ojú máa ń tan etí, pé kò lè ran òun mọ́, ẹ fi fídíò yẹn hàn án.

Ìrètí náà ní tirẹ̀. Bí a bá gbé orin kan láti ìparí rẹ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wúruwùru lásán ni. Kí ẹnìkan wá sọ fún yín pé, "Ọ̀rọ̀ báyìí ló ń sọ níbẹ̀," kíá ni ọ̀rọ̀ náà á yọ jáde, ẹ kò sì ní lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ mọ́. Ní 1981, Robert Remez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ gbólóhùn ẹnu èèyàn di ìró mẹ́ta bíi súfèé, tó ń lọ sókè sódò. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọn kò sọ nǹkan kan fún gbọ́ súfèé àti ìró ẹ̀rọ. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé ọ̀rọ̀ ni, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìró kan náà ni o. Ohun tójú ń wá lojú ń rí, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, etí náà kò yàtọ̀.

Ẹ tún wo bí èdè wa ṣe ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ẹni tó bá gbè sẹ́yìn ẹnìkan, a ní ó ṣe ojúsàájú. Ẹni tó bá ń retí nǹkan, a ní ó ń fojú sọ́nà. A kò ní etísàájú, a kò sì fi etí sọ́nà. Ojú la gbé ẹ̀bi méjèèjì rù, bẹ́ẹ̀ ni ojú náà ló sì ń ba ìdájọ́ jẹ́ jù nígbà tí a bá dúró níwájú ẹ̀rọ tuntun. Ó rí i pé ó tóbi. Ó rí i pé igi rẹ̀ dán. Ó rí orúkọ tí wọ́n kọ sí i, ó sì rántí iye tí wọ́n ń tà á. Bó bá jẹ́ pé owó wa la fi rà á, ó tún burú sí i, torí ta ló fẹ́ gbọ́ pé òun da owó nù?

Nǹkan mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í sábà dárúkọ, tó sì jẹ́ pé òun ni mo rò pó ń tan àwọn olóòótọ́ èèyàn jù. Nígbà tí a bá pààrọ̀ nǹkan kan nínú ẹ̀rọ wa, a máa ń tẹ́tí ju bí a ṣe ń tẹ́tí tẹ́lẹ̀ lọ. A óò fi orin tí a mọ̀ bí ẹni mowó sí i, lójijì a óò gbọ́ agogo kékeré kan lẹ́yìn, tí a kò gbọ́ rí láti ọdún yìí wá. "Ẹ ò rí i? Wáyà yìí ló yọ ọ́ jáde!" Agogo ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀. Àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ yà síbẹ̀. Bí a bá dá wáyà àtijọ́ padà, a óò tún gbọ́ agogo yẹn, ṣùgbọ́n ta ló ń dá a padà?

Aṣọ dúdú àti lọ́fínńdà abẹ́ àgbọ̀n

Ní 1994, Floyd Toole àti Sean Olive, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Harman, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sípíkà ní Amẹ́ríkà, nígbà náà, ṣe ìdánwò kan tí wọ́n ṣì ń tọ́ka sí títí dòní. Toole ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú iṣẹ́ yìí ní iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba Kánádà kó tó dé ibẹ̀. Ogójì òṣìṣẹ́ ni wọ́n kó jọ, sípíkà mẹ́rin ni wọ́n ní kí wọ́n dá lẹ́jọ́. Wọ́n ṣe é lọ́nà méjì: ẹ̀ẹ̀kan, àwọn olùgbọ́ ń rí sípíkà náà, ẹ̀ẹ̀kan, aṣọ tí ohùn lè gbà kọjá ni wọ́n ta bò wọ́n.

Nígbà tí wọ́n ń rí i, àwọn sípíkà ńláńlá tó rẹwà gba máàkì tó ga. Èyí kékeré, tó jẹ́ ike, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, gba máàkì tó lọ sílẹ̀ gan-an. Nígbà tí aṣọ bo gbogbo wọn, máàkì àwọn ńlá wálẹ̀, ti kékeré gòkè, àlàfo tó wà láàárín wọn kéré púpọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ti mọ́ lára láti máa gbọ́ ohùn bọ́ sínú ẹ̀ náà, bíi ti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ṣùgbọ́n ibi tó dùn jù nínú iṣẹ́ yẹn, ibi tí wọ́n máa ń fò kọjá ni. Àwọn olùdánwò náà yí ipò sípíkà padà nínú yàrá, wọ́n sì yí orin padà. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ń yí ohùn padà lóòótọ́, èèyàn kò sì nílò ìgbàgbọ́ láti gbọ́ ọ. Nígbà tí aṣọ bo sípíkà, àwọn olùgbọ́ mọ̀ ọ́n lára, máàkì wọn yí padà. Nígbà tí wọ́n ń wo sípíkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ran ìdájọ́ wọn rárá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé yàtọ̀ sí pé ojú ń mú wa gbọ́ ohun tí kò sí, ó tún ń di etí wa sí ohun tó wà. Ìgbà tí mo lóye ìyẹn ni mo jáwọ́ nínú fífi àdijúgbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. (Àdijúgbọ́ ni mo ń pe irú ìdánwò yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pè é bẹ́ẹ̀: kéèyàn má rí, kó má mọ èyí tó ń dún, kó tó sọ èyí tó dára.)

Lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ yẹn ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ti sípíkà kan wọlé, tó ń fa èkejì jáde lẹ́yìn aṣọ dúdú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí gbogbo wọn lè dún láti ojú kan náà. Yàrá ń pààrọ̀ béèsì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Sípíkà méjì tó bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ibi tí wọ́n dúró sí là ń fi wéra, kì í ṣe àwọn nìkan.

Àwọn onífáólìnì náà jẹ́ tiwọn. Ó ti lé ní igba ọdún tí ayé ti ń sọ pé fáólìnì àtijọ́ tí Stradivari ará Ítálì ṣe kò lẹ́gbẹ́. Ní 2010, Claudia Fritz, Joseph Curtin àti àwọn mìíràn kó fáólìnì mẹ́fà lọ sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan ní Indianapolis: Stradivari méjì, Guarneri kan (àtijọ́ lòun náà, láti Ítálì), àti tuntun mẹ́ta. Wọ́n ní kí àwọn onífáólìnì 21 ta wọ́n. Iná yàrá ṣókùnkùn, wọ́n fi awò dúdú irú ti wẹ́dà sí ojú wọn. Wọ́n tún rántí pé igi àtijọ́ ní òórùn tirẹ̀, ni wọ́n bá fín lọ́fínńdà díẹ̀ sí ibi tí àgbọ̀n ń gbé lé. Ìṣọ́ra tó dé imú nìyẹn! Nígbà tí wọ́n bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n máa fẹ́ gbé lọ sílé, 13 nínú wọn mú tuntun. Ọ̀kan nínú àwọn Stradivari náà ló sì gbẹ́yìn nínú gbogbo wọn.

Ẹni tó mú ẹ̀rọ lọ́wọ́ náà gbọ́dọ̀ dijú

Kì í ṣe àwọn olórin ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Ní 1784, ọba Louis XVI ti ilẹ̀ Faransé yan ìgbìmọ̀ kan, Benjamin Franklin wà nínú rẹ̀, láti yẹ iṣẹ́ Franz Mesmer wò. Ọkùnrin yẹn ní agbára kan wà tí ojú kò rí tí òun fi ń wo àìsàn. Ìgbìmọ̀ náà di aṣọ mọ́ àwọn aláìsàn lójú. Bí wọ́n bá sọ fún wọn pé agbára náà ti ń wọlé, ara wọn á máa gbọ̀n, nígbà tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá ṣe é lóòótọ́ láìsọ fún wọn, ara wọn á dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyàtọ̀ kí ló wà láàárín ìyẹn àti nọ́ọ̀bù tèmi?

Ṣùgbọ́n dídi ojú olùgbọ́ nìkan kò tó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹṣin kan wà ní Berlin, Hans lorúkọ rẹ̀, tí wọ́n ní ó mọ ìṣirò. Bí wọ́n bá bi í ní mẹ́ta àti mẹ́rin, á fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀meje. Wilhelm von Osten tó ni ẹṣin náà kì í ṣe ẹlẹ́tàn, òun náà gbà á gbọ́. Oskar Pfungst ló tú àṣírí rẹ̀ ní 1907: bí ẹni tó ń béèrè kò bá mọ ìdáhùn, Hans náà kò mọ̀ ọ́n. Ojú àti ọrùn olùbéèrè ni ẹṣin ń kà. Bó bá ti ku díẹ̀ kó dé iye tó yẹ, ara olùbéèrè á le, á sì dẹ̀ nígbà tó bá dé e, láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀.

Bí ẹṣin bá lè kà á, èèyàn ńkọ́? Ọ̀rẹ́ yín tó ń bá yín yí wáyà padà lẹ́yìn aṣọ lè mí kanlẹ̀, lè bi yín pé "èyí ńkọ́?" lóhùn tó yàtọ̀ díẹ̀, lè pẹ́ nídìí ọ̀kan ju èkejì lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń ṣe é kí ẹni tó wà pẹ̀lú olùgbọ́ náà má mọ èyí tó ń dún. Àwọn méjèèjì ló dijú. Ẹ̀rọ tàbí owó ẹyọ tí wọ́n ta sókè ló ń pinnu. Mo fẹ́ràn ohun tí àwọn ẹgbẹ́ olórin ńlá kan ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́ tuntun lẹ́yìn aṣọ ìkélé: wọ́n á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kí ìró bàtà má baà sọ bóyá obìnrin ló ń bọ̀ tàbí ọkùnrin.

Olè kan wà tí kò nílò ojú

Ẹ bo sípíkà, ẹ lé ọ̀rẹ́ jáde, ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Bí ohùn ọ̀kan bá fi díẹ̀ ròkè ju èkejì, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Bí ìyàtọ̀ náà bá pọ̀, kò séwu, olúkúlùkù á sọ pé èyí ròkè. Bó bá jẹ́ ìdajì dẹ́síbẹ̀lì péré (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí ohùn ṣe ròkè tó), a kì í gbọ́ ọ bí ohun tó ròkè. A máa ń gbọ́ ọ bí ohun tó mọ́ jù, tó kún jù, tó ní ẹ̀mí jù. Harvey Fletcher àti Wilden Munson ti fi hàn láti 1933 pé etí wa kì í gbọ́ béèsì tó nígbà tí ohùn bá wà nílẹ̀. Bó bá ṣe ń gòkè ni béèsì ń padà wá. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó bá fi díẹ̀ ròkè ti jèrè béèsì lọ́fẹ̀ẹ́.

Fífi etí mú wọn dọ́gba kò ṣeé gbọ́kàn lé. Bó bá jẹ́ wáyà tàbí ámpílífáyà (ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára kó tó dé sípíkà), mítà tí a fi ń wọn iná ni wọ́n ń lò, wọ́n á fi kan ẹnu sípíkà, wọ́n á sì mú méjèèjì dọ́gba títí ìyàtọ̀ kò fi ní ju 0.1 dẹ́síbẹ̀lì lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fi ámpílífáyà méjì wéra tí kò sì dárúkọ mítà, èmi kì í bá a jiyàn, mo kàn máa ń yí ọ̀rọ̀ padà ni.

Bí wọ́n ṣe ń ka máàkì

Ọ̀nà tó gbajúmọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní ABX. Àwọn ará Bell Labs, iléeṣẹ́ ìwádìí tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà, Munson kan náà àti Mark Gardner, ló kọ̀wé nípa irú rẹ̀ ní 1950, àwọn olólùfẹ́ ẹ̀rọ ohùn ní Amẹ́ríkà sì ṣe àpótí rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ó rọrùn: A wà, B wà, ẹ mọ èyí tí wọ́n jẹ́. X wà, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni, ẹ kò mọ èwo. Ẹ lè gbọ́ A, ẹ lè gbọ́ B, ẹ lè gbọ́ X, iye ìgbà tó bá wù yín. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ sọ bóyá A ni X tàbí B. Wọn kò ní kí ẹ sọ èyí tó dára, wọn kò ní kí ẹ ṣàlàyé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á yan X mìíràn.

Ẹni tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan á ṣì gba nǹkan bí ìdajì, bí ẹni tó ń ta owó ẹyọ. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ara wọn lọ́nà. Ẹni tó bá gba 7 nínú 10 á máa fò sókè. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá kàn ń sọ ọ́ láìgbọ́ nǹkan kan, á gba 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́fà. Orí ire lásán nìyẹn. Kó gba 9 tàbí 10 nínú 10 ni kò wọ́pọ̀, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n sábà máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, kí wọ́n tó gbà pé 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe orí ire, torí ìyẹn kì í tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tó ń sọ ọ́ láìgbọ́.

Kí èèyàn sì pinnu iye ìgbà kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń dúró nígbà tó bá ń jẹ, tó ń tẹ̀ síwájú nígbà tó bá ń pàdánù, ó máa jẹ lọ́jọ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ogún èèyàn bá dán an wò tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ ìyàtọ̀, ó ju ìdajì lọ pé ọ̀kan nínú wọn á gba 12 nínú 16. Òun ni gbogbo ayé á máa ròyìn ẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn mọ́kàndínlógún yòókù á sì rá.

Ohun tí àwọn tó kọ̀ ọ́ ń wí

Àwọn kan kò fẹ́ràn àdijúgbọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ wọn kọ́ ló sì jẹ́ àwáwí. Wọ́n ní ó ń kó ìdààmú báni, pé ìdánwò ni, kì í ṣe orin. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ní kí a kánjú. Ẹ lè gbé àpótí náà lọ sílé, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan gbọ́ X. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé lílo ọjọ́ pípẹ́ kì í sábà ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìrántí ohùn, ní kúlẹ̀kúlẹ̀ rẹ̀, kì í pẹ́ lọ́kàn ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Yíyí kíákíá láti A sí B ni etí ti ń mú ìyàtọ̀ tó kéré jù. Ẹni tó gbọ́ ẹ̀rọ kan lónìí, tó gbọ́ èkejì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìtàn tó sọ fún ara rẹ̀ ló ń fi wéra.

Èkejì, wọ́n ní bí ẹnìkan kò bá gbọ́ ìyàtọ̀, kò túmọ̀ sí pé ìyàtọ̀ kò sí. Òtítọ́ gidi nìyí, àwọn tó fẹ́ràn àdijúgbọ́ sì máa ń gbàgbé rẹ̀. Ohun tí ìdánwò náà sọ ni pé àwọn èèyàn wọ̀nyí, pẹ̀lú ẹ̀rọ yìí, lórí orin yìí, kò fi hàn pé àwọn gbọ́ ọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni ìjà tó wà lórí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní kúlẹ̀kúlẹ̀ tó ju ti síídì lọ. Ní 2007, Brad Meyer àti David Moran gbé èsì ìdánwò wọn jáde: nínú ìgbà 554, àwọn olùgbọ́ mọ̀ ọ́n ní 276. Ìdajì gẹ́lẹ́, ó ku díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ní 2016, Joshua Reiss kó ìdánwò 18 jọ, tó lé ní ìgbà 12,000 lápapọ̀, ó rí 52.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó ju orí ire lọ, àwọn tí wọ́n kọ́ kí wọ́n tó dán an wò sì lé ní 60. Lójú tèmi, ohun tó ṣòro tó báyìí láti gbọ́ kò yẹ lóhun tí èèyàn á torí ẹ̀ sọ pé òun kò lè gbádùn síídì mọ́. Síbẹ̀, "kò sí rárá" kì í ṣe ohun tí ẹ̀rí náà sọ.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mi ò gbọ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn sọ. Ẹni tó ti gbà pé gbogbo ámpílífáyà bákan náà ni, òun náà ti fojú sọ́nà, àìgbọ́ ló ń retí. Tó bá jókòó sídìí ABX, á kàn máa tẹ bọ́tìnì ni, á gba ìdajì, á sì dìde tayọ̀tayọ̀. Àdijúgbọ́ lè mú ẹni tó ń gbọ́ ohun tí kò sí. Kò ní ọgbọ́n tó fi ń mú ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ohun tó wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń kọ́kọ́ fi ìyàtọ̀ tí gbogbo wọn mọ̀ pé ó wà sínú rẹ̀, ohùn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́. Bí olùgbọ́ kò bá mú ìyẹn, wọn kì í ka máàkì rẹ̀ mọ́ èyí tó kù.

Má sì rò pé gbogbo nǹkan ló máa ń dọ́gba lẹ́yìn aṣọ. Sípíkà yàtọ̀ síra wọn, wọ́n yàtọ̀ gan-an, olùgbọ́ tó dijú sì máa ń fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ láìlàágùn. Headphone náà bẹ́ẹ̀. Yàrá náà bẹ́ẹ̀. Ohùn tí wọ́n fún pọ̀ jù kí fáìlì lè kéré, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wáyà tó nípọn tó bó ṣe yẹ, àti ámpílífáyà tó dára tí a kò lò kọjá agbára rẹ̀, ni ìyàtọ̀ ti máa ń pòórá tí aṣọ bá ti bò wọ́n. Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ náwó, mo mọ ibi tí màá ná an sí.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò nílé

Fáìlì ohùn ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Foobar2000, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ní àfikún kan tó ń ṣe ABX fúnra rẹ̀: á yan X, á ka máàkì, kò sí ẹni tí yóò mí kanlẹ̀ sí yín létí. Ẹ gbé orin kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, ẹ fún un pọ̀ di MP3 ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, kí ẹ wá ibi tí etí yín ti ń já ìyàtọ̀ sílẹ̀. Ó máa ń dun ìgbéraga díẹ̀.

Fún sípíkà tàbí headphone, iṣẹ́ wà níbẹ̀. Ẹ mú ohùn dọ́gba pẹ̀lú mítà tí a fi ń wọn ohùn, ti iná kò tó níbí. Ẹ wá ẹnìkan tí yóò máa yí i, kó ta owó ẹyọ nígbà kọ̀ọ̀kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó má sọ̀rọ̀, kó dúró síbi tí ẹ kò ti ní rí i. Headphone ní ìṣòro tirẹ̀, torí ìwúwo àti bó ṣe rí létí máa ń tú àṣírí rẹ̀, aṣọ kò lè bo ìyẹn. Tí ẹ kò bá lè ṣe gbogbo èyí, ó kéré tán ẹ ṣe ọ̀kan: nígbà tí ẹ bá ti pààrọ̀ nǹkan, tí ẹ sì ti gbọ́ bó ṣe dára tó, ẹ dá ti àtijọ́ padà, kí ẹ wá agogo kékeré yẹn.

Ní ti akọrin mi, mo tẹ bọ́tìnì náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn láìfọwọ́ kan nọ́ọ̀bù. Ibi tí mo ti fi ìṣẹ́jú márùn-ún wá, tó wù mí gẹ́lẹ́, ohùn tó jáde níbẹ̀ ń ta bí abẹ́rẹ́. Mo yí i padà títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òdo. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dijú yí i.